Èyí Tó Dára Jù, Ti Táyé Ni

Eruku Òkè-Ọ̀dàn nígbà ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku ìlú mìíràn. Bó o bá ya ẹnu rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà láti Ìlaròó, kó o tó débẹ̀, èyí tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu á tó fi mọ ilé oníyàrá mẹ́ta, á sì tún ṣẹ́ kù fún ilé ìdáná. Eruku yìí ló ń bá Lábísí aránṣọ jà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, adìyẹ á sá wọ abẹ́ àga, páànù mọ́sálásí á máa mì, àwọn ará Tube lẹ́nu bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún á máa sáré kó aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n á ní àrá ti ń sán.

Ẹ jẹ́ n rọra. Ẹ̀rín kò pẹ́ nínú ìtàn yìí.

Ayọ̀túndé ni orúkọ àfẹ́sọ́nà Lábísí. Ìlaròó ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ débi pé bó bá fi ọwọ́ gbá ògiri lásán, iná á tàn nílé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́, bó bá ti dé ẹnu rẹ̀, fíúsì ló ń jó. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ra ẹ̀bùn kan fún Lábísí, ẹ̀bùn tí yóò bá a sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, kí àwọn ẹbí tó lọ tọrọ rẹ̀.

Ni gbogbo Ìlaròó bá di olùgbani-nímọ̀ràn. Bàtà ńkọ́? "Èèwọ̀! Á fi rìn lọ bá ọkùnrin mìíràn ni." Áńkáṣíìfù? "Ẹkún lo fẹ́ kó máa fi nù." Òòyà? "Ìjà lẹ ó máa jà." Fóònù? "Kó máa fi pe ta ni?" Ayọ̀túndé ronú títí, ó rù, wáyà tó ń fà wá sanra jù ú lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà rí i. Ó gbé Lábísí sẹ́yìn ọ̀kadà lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń wú ikọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ láti Òkè-Ọ̀dàn dé Ìlaròó, ó ń fi ọwọ́ bo imú. Ni Ayọ̀túndé bá sọ nínú ara rẹ̀ pé, síkáàfù ni. Síkáàfù tó fẹ̀, tó fúyẹ́, tí yóò wé orí, tí yóò sì tún lè fa etí rẹ̀ kan bo imú àti ẹnu. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìfẹ́ ló là á lójú.

Jibril, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló mú un lọ sí ọjà Tube. Jibril ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì, ó mọ gbogbo ojú ọ̀nà bọ́dà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n rí síkáàfù kan tó pọ́n bí ìyeyè, ó rí múlọ́múlọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

"Sé jólì, ó rẹwà, ọkọ mi!" ni obìnrin tó ń tà á wí. "Méjì péré ló kù."

Ayọ̀túndé nawọ́ sí méjèèjì. Ó nídìí. Ìbejì ni Lábísí. Kẹ́hìndé ni orúkọ tó gbé wáyé. Táyé, èkejì rẹ̀, ṣàìsàn lọ́dún tí àwọn méjèèjì jáde ìwé girama, ó sì kú. A kì í wí bẹ́ẹ̀ létí ìyá wọn, Sàlímọ́tù. "Táyé rìnrìn àjò" là ń wí. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti pe Kẹ́hìndé ní Kẹ́hìndé mọ́, nítorí bí ìyá náà bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ojú rẹ̀ á máa wá ẹnì kejì lẹ́yìn ẹni tó wọlé. Lábísí ni gbogbo ayé ń pè é. Nínú yàrá, Sàlímọ́tù gbé ọmọláńgidi rọ́bà kan ka orí àpótí. Ó ní Mùsùlùmí òdodo ni òun, òun ò bọ̀rìṣà, bèbí lásán ni. Ṣùgbọ́n bí Lábísí bá jẹ búrẹ́dì, bèbí lásán á gba tirẹ̀. Bí Lábísí bá ra yẹtí, bèbí lásán á wọ irú rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan bá ní, èkejì gbọ́dọ̀ ní i. Ọmọ Yewa wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Jibril di ọwọ́ Ayọ̀túndé mú. "Kí ni méjì yẹn, Ayọ̀?"

"Ti Táyé ńkọ́?"

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìyá tó ń gbìyànjú àtigbàgbé, ìwọ àna ọ̀la lo fẹ́ lọ rán an létí òkú ọmọ? Ó fẹ́ rí ẹ bí ẹni tó mú ayọ̀ wọlé, o fẹ́ gbé pósí wọlé. Ọ̀kan tó, jàre."

Ayọ̀túndé wo síkáàfù kejì. Ó ro ojú Sàlímọ́tù. Nítorí pé kò fẹ́ kí obìnrin náà sunkún, ó gbé e padà sórí àtẹ.

"O ṣeun, Jibril. O ní làákàyè."

"Kí ni ọ̀rẹ́ wà fún? Ṣùgbọ́n máa ṣọ́ra o. Arẹwà ni ọmọ yẹn. Ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bí ẹni tó wá gba fíìmù."

*

Ẹ ò mọ Jibril. Bó bá kí yín pé ẹ káàárọ̀, ṣúgà ló ń dà sílẹ̀, èèrà á tò tẹ̀ lé e délé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Ayọ̀túndé ti fi Lábísí hàn án, òkèlè ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Ó padà sí Tube, ó ra síkáàfù kejì, ó sì gba ọ̀nà igbó kọjá sí apá Bẹ̀nẹ̀, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọdẹkúnlé.

Igi yí ilé náà ká, ẹyẹ kan ò sì bà lé igi kan. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú yàrá tutù bí ìsàlẹ̀ kànga. Bàbá náà jókòó, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fẹ̀mé la pọ́ọ̀tì," ni ó wí, kò bojú wẹ̀yìn.

Ilẹ̀kùn pa dé. Kò sí ẹni tó pa á.

Jibril na síkáàfù náà sí i.

"Orúkọ rẹ̀?"

"Kẹ́hìndé Lábísí, Bàbá. Àfẹ́sọ́nà Ayọ̀túndé ni."

"Kẹ́hìndé. Táyé dà?"

"Ó ti kú."

Abẹ́rẹ́ náà dúró. "Òkú tó bá ṣì ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì lọ." Ó bu ẹ̀tù dúdú kan, ó dà á sí etí síkáàfù, ó ká etí náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an. Bó ṣe ń rán an ló ń bá a sọ̀rọ̀, Jibril kò gbọ́ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n gbogbo irun apá rẹ̀ ló dìde. "Ẹni tó bá wé e á kọ ẹ̀yìn sí Ayọ̀túndé, á kọjú sí ọ. Bó bá jẹ́ alààyè ló wé e, o rí aya."

"Bó bá jẹ́ pé èkejì ni wọ́n wé e fún ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá Ọdẹkúnlé já òwú náà pẹ̀lú eyín.

"Á kọjú sí ọ náà ni."

*

Ní Ìlaròó, ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì ti wọ Ayọ̀túndé lára. Àgbébọ̀ ìyá rẹ̀ kọ bí àkùkọ lówùúrọ̀, wọ́n pa á jẹ, ṣùgbọ́n ohùn náà ò kúrò létí rẹ̀. Ó ká síkáàfù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ bá Màmá Ìbíyẹmí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà.

Màmá Ìbíyẹmí wo síkáàfù, ó wo ọmọ.

"Nítorí ikọ́ rẹ̀ lo ṣe rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ fúnra ẹ lo rò ó?"

"Èmi ni."

"Ó tán nìyẹn! Ayọ̀, ọkọ tèmi, láti ọdún tó ti fẹ́ mi títí tó fi kú, kò mọ̀ pé mò ń wúkọ́. Gbé ẹ̀bùn yìí fún ọmọ yẹn bó ṣe wà yìí. Kò sí oògùn tó jù ú lọ."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ó lè lọ."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ayọ̀túndé ò gbọ́. Nígbà tó yá, Màmá gbé ìgò kékeré kan jáde, òróró tí kò lóòórùn, tí kò ní àwọ̀, ó fi pa ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ náà ra síkáàfù láti etí dé etí.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò wé e?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni."

"Orúkọ?"

"Lábísí, ọmọ Sàlímọ́tù."

Kò dárúkọ Kẹ́hìndé. Orúkọ tí wọn ò pè mọ́ nílé wọn ni. Òun kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò gbé e sẹ́nu.

"Èèmọ́ kì í rí aláṣọ kó má lẹ̀ mọ́ ọn," ni Màmá Ìbíyẹmí wí sínú aṣọ náà. "Òjìji kì í rí ẹni lóòrùn kó má bá a rìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wé e, kó má lè fi Ayọ̀túndé sílẹ̀."

Bí Ayọ̀túndé ti ń jáde, ó fi ẹsẹ̀ òsì kọ. Kò sí òkúta níbẹ̀.

*

Lábísí tú ọ̀rá náà níwájú máṣìnnì rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ilé ìyá rẹ̀. Ó fa etí síkáàfù náà bo imú, ó mí síta, ó mí sínú.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ikọ́ ẹ ni. Ó fi ẹ̀yìn mi ṣe ilẹ̀kùn, ó ń kàn án."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wé e. Ó wo inú ọ̀rá, ó tún un wò.

"Ayọ̀, ti Táyé dà?"

Ẹ wá wo oníwáyà tí iná gbé. "Mo... mo rò pé Màmá á sunkún bí wọ́n bá rí méjì."

"Ọ̀kan ni yóò pa Màmá lẹ́kún," ni Lábísí wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Bó bá wù ọ́ kí o mú iyọ̀ wá fún mi, méjì ni kó o mú. Má bínú sí mi o. N ò lè wé e kí tirẹ̀ tó dé."

Ó ká a, ó gbé e síwájú ọmọláńgidi náà pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀túndé fi ọ̀kadà fò dé Tube, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. "Ọkùnrin kan ti rà á, sé fíní, ó ti tán," ni obìnrin ọlọ́jà wí. Ó wá gbogbo ọjà, ó padà sílé bí ẹni tí wọ́n na. Jibril ló wá bá a lẹ́nu iṣẹ́ lórí àkàbà.

"Ayọ̀! Mo bá ẹ rí ìkejì o, lọ́dọ̀ ẹnìkan lápá òdìkejì. Sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Àbí kí n kúkú bá ẹ mú un lọ? Òkè-Ọ̀dàn ni mò ń lọ."

Ayọ̀túndé bẹ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

*

Jibril jókòó sórí àga oníbàárà, òógùn ń dà lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Lábísí tẹ́ síkáàfù méjèèjì sórí itan, ó ń fi wọ́n wé ara.

"Ayọ̀ ní kí n mú u wá. Ó ní kó o wé e báyìí kí n rí i, kí n lè ròyìn."

"Ẹ ṣé, Bùrọ̀dá Jibril." Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ti Ayọ̀túndé. Ó ń gbé e lọ sí orí ara rẹ̀. Jibril tún rí ilé tí kò sí ẹyẹ nínú ọkàn rẹ̀, ó gbọ́ òwú tó ń já nínú eyín. Á kọjú sí ọ náà ni. Ó fẹ́ dìde kó sá lọ.

Lábísí dúró. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ ò lè kọjá etí aṣọ láì wò ó. Ó gbé èyí tí Jibril mú wá sún mọ́ ojú.

"Ta ló fi ọwọ́ rán etí èyí? Ẹ wò ó, ó wọ́, ó tún le bí okùn. Èyí àkọ́kọ́ ló gún régé." Ó dìde, ó wọ yàrá, Jibril sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Táyé mi, a kì í fún ẹni tí kò sí nílé ní èyí tí kò dára. Ìwọ lo ni ti Ayọ̀. Èmi á fara mọ́ èyí tó wọ́."

Ó wé síkáàfù Ayọ̀túndé fún ọmọláńgidi náà. Ó wé ti Jibril sórí ara rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo Jibril bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Jibril," ni ó wí. Kò pè é ní Bùrọ̀dá mọ́.

*

Ayọ̀túndé ń pe fóònù Lábísí, kò wọlé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Lábísí yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń bá máṣìnnì rẹ̀ lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wọlé. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pè é títí àwọn oníbàárà fi ń wo ilẹ̀. Ó padà sí Ìlaròó pẹ̀lú ojú tó wú.

Nígbà tó wà lórí sílìn ilé kan lọ́sàn-án, ó bojú wolẹ̀, Lábísí wà nísàlẹ̀. Ó wé síkáàfù ìyeyè náà. Ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ayọ̀túndé fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ nítorí ayọ̀. "O dárí jì mí?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì í títí òòrùn fi rọ̀, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Eruku ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ayọ̀túndé rí i, ó sì rò pé síkáàfù ló ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń wá lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji bá kéré jù. Ayọ̀túndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ méjì kalẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà tutù. Ayọ̀túndé ń gbẹ lọ. Mo ti sọ fún yín pé wáyà sanra jù ú lọ nígbà kan. Mo tọrọ gáfárà. Nígbà tí ó wá rù ní tòótọ́, kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Lábísí nìyí, Ìyá mi. Ẹ ò kí i ni?"

Ìyá Ayọ̀ wo ibi tí ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí. Àga òfìfo ni.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó pe Òkè-Ọ̀dàn. Sàlímọ́tù ló gbé fóònù. "Lábísí? Ó wà níwájú mi níbí, ó ń ránṣọ. Jibril ló jókòó tì í. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

*

Nígbà tí Màmá Ìbíyẹmí gbọ́ tán, igbá ewé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbejì ni! Ayọ̀túndé, ìbejì ni, o ò sì sọ fún mi! Ta ni síkáàfù ẹ wà lórí rẹ̀?"

Ayọ̀túndé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Mo ti mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Lábísí a máa wúkọ́."

Màmá Ìbíyẹmí ṣa ewé náà padà sínú igbá.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ni Màmá Ìbíyẹmí wí nígbẹ̀yìn. "Kí Lábísí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, kó tú ti Táyé, kó wé e sórí ara rẹ̀. Tàbí kí ẹlòmíràn lọ yọ ọ́ lórí ère náà. Ayọ̀ á bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti fún ìbejì, a kì í gbà á padà. Bí wọ́n bá gba síkáàfù lọ́wọ́ Táyé, Táyé á ní kí wọ́n fún òun ní ẹnì kejì òun."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ère yẹn," ni Ayọ̀túndé wí.

"Ayọ̀..." ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣèlérí fún mi, Ìyá mi. Bí kò bá gbà láti ṣe é, ẹ padà wálé."

*

Ìyá Ayọ̀ kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àgbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọ. "Lábísí, nítorí Ọlọ́run. Ayọ̀ ń kú lọ."

"Ayọ̀ wo?" Lábísí ò gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ dùn, kò ní ìkà nínú. Ìyẹn ló burú jù. "Màmá, ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí. Jibril, ẹ bá mi fún wọn lómi."

Jibril ò lè dìde. Ojú rẹ̀ ti pupa. Ó ti rí ohun tó ń fẹ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tó jí ẹrù gbé tó bá òkú nínú àpò.

"Jibril," ni Ìyá Ayọ̀ wí, "ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi bọ́. Kí lo ṣe?"

"Mo ti padà síbẹ̀, Màmá. Mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí ilé náà mọ́. Igbó lásán ni mo bá."

Sàlímọ́tù mú Ìyá Ayọ̀ wọ yàrá. Ọmọláńgidi náà wà lórí àpótí, síkáàfù ìyeyè wà lórí rẹ̀, aṣọ náà ń mì díẹ̀díẹ̀ níbi imú, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí. Sàlímọ́tù jókòó sílẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyá Ayọ̀, mo ti sin ọ̀kan," ni ó wí. "Mi ò lè sọ pé kó o mú un. Mi ò sì lè dì ọ́ mú, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ."

Ó bo ojú rẹ̀.

Ìyá Ayọ̀ nawọ́. Ìka rẹ̀ dé ibi tí aṣọ náà ti ń mì, ó tutù, ó tutù ju omi ọyẹ́ lọ. Láti ìta, ó ń gbọ́ máṣìnnì Lábísí, ó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ikọ́ alààyè. Ó ro ọmọ rẹ̀ nílé. Ó ro ìlérí tó ṣe. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀ títí apá fi ń ro ó.

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ náà tún etí síkáàfù ṣe lórí ère, bí ìyá ti í tún aṣọ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. "Táyé, jọ̀ọ́, máa tọ́jú rẹ̀ fún mi," ni ó wí, ó sì lọ wọ ọ̀kadà.

Nígbà tó délé, Ayọ̀túndé wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé kò mú nǹkan kan wá. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́ náà.

"Ẹ ṣé, Ìyá mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni wọ́n bá a lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun kan, ó fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí èémí nínú rẹ̀ mọ́.

*

Ẹni tí wọ́n ní kí Lábísí kọ ẹ̀yìn sí kò sí láyé mọ́. Ohun tó wà nínú etí síkáàfù náà kò rí ibi dúró sí. Aṣọ náà já lórí ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́, ó rún wómúwómú bí ewé gbígbẹ. Lábísí gbójú sókè, ó rí Jibril.

"Bùrọ̀dá Jibril, ẹ ò tíì lọ? Ẹ bá mi kí Ayọ̀ o, ẹ ní mo ti rí i gbà."

Jibril dìde, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún fojú kàn án ní Ìlaròó, tàbí ní Tube.

Sàlímọ́tù mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Ó bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n má sọ ikú Ayọ̀túndé fún un, gbogbo wọn sì gbà. Lábísí ò sì béèrè nǹkan kan. Ó ń kánjú. Ó wo abẹ́ máṣìnnì rẹ̀, ó bá ẹ̀wù ọkùnrin kan níbẹ̀ tí òun ti gé, apá kan ṣoṣo ló ní. Ó yà á lẹ́nu pé iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó rán apá kejì. Ó wẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì sójú, ó gun ọ̀kadà.

Ìyá Ayọ̀ wà níwájú ilé nígbà tó dé. Eruku ti sọ gbogbo ara Lábísí di pupa, ó ń wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ó jọ pé ara mi ò yá." Ó kúnlẹ̀, ó fa ẹ̀wù náà yọ nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ni, àpò kékeré mẹ́rin ló wà láyà rẹ̀. "Ó máa ń fi ẹnu gbé ìṣó àti sikurú nígbà tó bá wà lórí àkàbà, ẹ̀rù máa ń bà mí pé á gbé e mì. Mo ṣe àpò síwájú fún un. Ẹ bá mi pè é kó wá wọ̀ ọ́ wò, kí n tó ká etí aṣọ náà rán."

Ìyá Ayọ̀ gba ẹ̀wù náà. Ó wo àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹ̀wù náà mọ́ àyà, ó yíjú sí ilé, ó tún yíjú padà.

"Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ n kọ́kọ́ bu omi fún ọ."

Ó bu omi wá. Lábísí gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ń na ọrùn wo inú ilé.

"Ẹ ṣé, Màmá. Ṣé ó ti ń bọ̀?"